Etíkun wo ló yẹ ẹni tó ń wa pákó onígbòkun, èwo ló yẹ oníkáìtì?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó kọjá mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ windsurfing, ìyẹn wíwa pákó onígbòkun, lórí adágún omi kan. Mo ti lè dúró lórí pákó, mo lè lọ, mo sì lè padà bí atẹ́gùn kò bá le. Àbúrò mi ọkùnrin fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ kitesurfing, ìyẹn kí káìtì máa fa ẹni lórí pákó, àmọ́ kò tíì lè padà sí ibi tó ti gbéra. A fẹ́ jọ máa lọ sí òkun báyìí. Ẹnì kan ní Tarifa ní Spain ni ká lọ ní August, pé kò sí etíkun tó dára tó o ní Yúróòpù. Ẹlòmíì ní Camber Sands tó wà ní gúúsù England ti tó wa. Ìyá wa ní ká kó gbogbo ẹ̀ wá sí Èkó ní December, pé ṣé òkun ò sí ní Èkó ni? Èwo ni ká ṣe? Báwo la ṣe ń mọ etíkun tó bá ìpele ẹni mu?”

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fẹ́ kí n dárúkọ ibì kan tí ọkàn yín á balẹ̀ sí. Màá dárúkọ ibi díẹ̀, àmọ́ orúkọ nìkan kò ní gbà yín. Láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo bá wọn fà jáde nínú omi wà ní etíkun tí gbogbo èèyàn ń pè ní ti akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò parọ́ mọ́ etíkun náà, ó dára. Ọjọ́ tí wọ́n lọ síbẹ̀ ni kò dára. Etíkun kan ṣoṣo lè gba ọmọdé láàárọ̀, kó di ti ọ̀gá nìkan lọ́sàn-án, kó má sì yẹ ẹnikẹ́ni mọ́ nírọ̀lẹ́, torí pé atẹ́gùn yí ojú padà tàbí torí pé òkun fà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi mí pé etíkun wo, èmi náà á bi yín pé: lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó, atẹ́gùn ń ti ibo bọ̀?

Ohun kan tún wà nínú lẹ́tà yín tó yẹ ká tú kí ó tó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ń wá ibì kan fún ẹ̀yin méjèèjì bí ẹni pé eré kan náà ni ẹ̀ ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìgbòkun tiyín wà lọ́wọ́ yín; bí atẹ́gùn bá le jù, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, á ṣubú sínú omi, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Káìtì àbúrò yín wà lókè, lórí okùn tó gùn tó mítà 20 sí 25, a sì so ó mọ́ ìgbàjá tó dè mọ́ ìbàdí. Bó bá jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí, agbára káìtì á dínkù, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lójú ọ̀run, ìjì kékeré kan sì lè gbé e nílẹ̀ kó sọ ọ́ mọ́ ohunkóhun tó wà níwájú. Ìdí nìyí tí ibi tóóró tó wà láàárín àwọn ọkọ̀ ojú omi méjì fi lè tó yín láti wọ omi, tí adágún tó ní igi yíká fi lè tó yín láti kọ́ṣẹ́, tí irú ibẹ̀ sì jẹ́ ibi ikú fún oníkáìtì. Oníkáìtì nílò àyè gbalasa ní ìhà tí atẹ́gùn ń lọ: ó kéré tán, ìlọ́po méjì gígùn okùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sí níbẹ̀, kí ògiri, mọ́tò, okùn iná tàbí òkúta má sì sí níbẹ̀. Bí mo bá mú akẹ́kọ̀ọ́ dé etíkun tuntun, mi ò kọ́kọ́ jẹ́ kó wo omi. Mo máa ń ní kó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn kó sọ ohun tó rí fún mi, torí pé ibẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́.

Ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí. Bó bá ń ti òkun bọ̀ tààrà sí ilẹ̀, kò ní gbé yín lọ, ìyẹn dára fún yín. Àmọ́ á máa ti ìgbì wá sí etí omi, ẹ ó sì jà kí ẹ tó lè jáde. Fún àbúrò yín, irú atẹ́gùn yẹn kò dára rárá, torí ilẹ̀ ni káìtì á máa fà á sí. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tó wá yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ti rí ohun tí ẹ ń wá: ẹ lè lọ, ẹ lè bọ̀, bí ẹ bá sì ṣubú, omi á rọra gbé yín dé iyanrìn níwájú díẹ̀ sí ibi tí ẹ ti gbéra. Èyí tó ń ti ilẹ̀ lọ sí òkun ló máa ń tan èèyàn jẹ. Omi etí ilẹ̀ á tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n lọ̀, kò sí ìgbì, ojú ọjọ́ á mọ́ kedere. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé Ọlọ́run ló dá ọjọ́ náà fún un.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló bá mi ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ windsurfing. October ni, mo nìkan ló wà létíkun, atẹ́gùn ń ti ẹ̀yìn mi fẹ́ lọ sí òkun. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí mo ti jáde lọ ní fàá. Ìgbà tí mo fẹ́ yí padà ni mo mọ̀ pé àwọn ilé àti òkè tó wà lẹ́yìn etíkun ló ń dí atẹ́gùn náà lójú mi tẹ́lẹ̀. Ní ìta gbangba, ó le ní ìlọ́po méjì. Ìgbì ti ń ga. Mo gbé ìgbòkun sókè, ó gbé mi ṣubú. Mo tún gbé e, mo tún ṣubú, títí ọwọ́ mi kò fi lè dì í mú mọ́. Mo dùbúlẹ̀ lórí pákó, mo ń fi ọwọ́ wa omi, ilẹ̀ sì ń jìnnà. Ọkọ̀ apẹja kan ló rí mi lẹ́yìn wákàtí kan lé díẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé mi ò fi pákó sílẹ̀. Orí èèyàn nìkan nínú omi kò ṣeé rí láti òkèèrè, pákó ṣeé rí. Láti ọjọ́ yẹn, bí atẹ́gùn bá ń ti ilẹ̀ lọ, tí kò sì sí ọkọ̀ adóòlà lórí omi, mi ò kì í wọ̀ ọ́, bí ó ti wù kí n mọṣẹ́ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bí atẹ́gùn ṣe le tó. Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni pé àwọn èèyàn rò pé 20 knots jẹ́ 10 knots lọ́nà méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun tàbí káìtì di ìlọ́po mẹ́rin. Knot kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan, nítorí náà 20 knots kò tíì tó kìlómítà 40, eré tí mọ́tò ń sá láàárín ìlú, àmọ́ lára akẹ́kọ̀ọ́ ó tó láti gbé e nílẹ̀. Ẹ̀yin, pẹ̀lú pákó ńlá àti ìgbòkun kékeré, ẹ wá ọjọ́ tó wà láàárín 8 sí 14 knots. Àbúrò yín nílò díẹ̀ sí i, 12 sí 18, torí káìtì tí atẹ́gùn kò gbé dáadáa a máa já bọ́ sínú omi, kò sì ní dìde mọ́. Nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, kí ẹ sì wo nọ́ńbà kejì tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó sọ bí ìjì òjijì ṣe lè ga tó. 14 tó ń gun 17 kò léwu. 14 tó ń gun 28, ẹ lọ jẹun. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìkùukùu dúdú tó ń bọ̀ pẹ̀lú òjò lábẹ́ rẹ̀ kò nílò nọ́ńbà kankan: kí káìtì ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ kíkún àti fífà òkun ni mo rò pé ó lè mú àwa ọmọ Èkó lójijì jù ní Britain. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, a kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i. Ní Bristol Channel, apá òkun tó wà láàárín England àti Wales, ó lè lé ní mítà 12. Òkun máa ń fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kún, á sì fi wákàtí mẹ́fà fà, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ni omi sì máa ń sáré jù. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá kún rekete, ó máa ń pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Camber Sands tí wọ́n dárúkọ fún yín jẹ́ àpẹẹrẹ pípé. Bí òkun bá fà níbẹ̀, iyanrìn á tẹ́ lọ tó ìdajì máìlì, ó gbòòrò, kò sí òkúta, kò sí ibi tó dára tó o fún àti kọ́ káìtì nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá tí atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn tó wọ́pọ̀ ní Britain bá ń fẹ́, torí láti ẹ̀gbẹ́ ló ń wọlé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkun bá ń padà bọ̀, kì í wá ní ìlà tààrà. Ó máa ń gba àwọn kòtò tó wà láàárín iyanrìn, á yí ká, ẹni tó dúró lórí iyanrìn gíga á bojú wẹ̀yìn, á sì rí i pé omi ti wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2016, èèyàn méje ló kú sómi níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní August. Wọn kì í ṣe oníkáìtì, wọ́n kàn wá gbádùn etíkun tó tẹ́jú ni. Bí òkun bá sì kún tán, iyanrìn tó kù fún oníkáìtì láti gbéra kò tó nǹkan mọ́. Ìgbà tí omi bá ti ń fà, tí iyanrìn ti ṣí sílẹ̀ dáadáa, ni kí àbúrò yín lọ, kí ó má sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òun lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé ibi tí wọ́n ti ri pákó mọ́ iyanrìn láti dá òkun dúró.

Poole Harbour ní Dorset yàtọ̀. Ó jìnnà sí yín ju Camber lọ, àmọ́ bí mo bá ní èèyàn méjì bíi tiyín, ibẹ̀ ni mo máa ń mú wọn lọ tí ojú ọjọ́ bá gbà. Omi rẹ̀ wà láàárín ilẹ̀, ìgbì ńlá kò wọ ibẹ̀. Ní apá tó súnmọ́ Sandbanks, omi kò kọjá ìbàdí títí lọ jìnnà. Kíkún àti fífà òkun kò pọ̀ níbẹ̀, omi sì máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà tán, nítorí náà ẹ ó ní wákàtí púpọ̀ láti ṣe é. Fún àbúrò yín tí kò tíì lè padà sí ibi tó ti gbéra, omi tó lè dúró nínú rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ tó dára jù. Á ṣubú, á dìde, á gbé pákó rẹ̀ rìn padà. Wọ́n ti pààlà sí ibi tí oníkáìtì lè lò, nítorí náà kó béèrè òfin ibẹ̀ kó tó dé. Ó máa ń kún fún èrò ní òpin ọ̀sẹ̀, èrò sì jẹ́ ewu tirẹ̀ fún ẹni tí káìtì ṣì ń darí. Ọjọ́ Tuesday tó ní atẹ́gùn dára ju Saturday lọ, bí ẹ bá lè gba àyè níbi iṣẹ́.

Ẹ tún bi mí nípa ìpele. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, ààlà kan ṣoṣo ni mo mọ̀: ṣé ẹ lè padà sí ibi tí ẹ ti wọ omi, láìfi ẹsẹ̀ rìn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìgbà mẹ́wàá? Kì í ṣe eré sísá, kì í ṣe fífò. Títí ẹ ó fi lè ṣe é, omi tí kò jìn, tí ilẹ̀ yí ká, ni tiyín. Bí ẹ bá ti lè ṣe é, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀yin lè lọ sí Portland Harbour ní Dorset, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Olympics ní 2012. Atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn máa ń gba orí Chesil Beach kọjá bọ́ sórí omi tó tẹ́jú, ó le, ó sì dán mọ́rán. Ẹ lè lọ sí Hayling Island ní Hampshire pẹ̀lú, níbi tí Peter Chilvers ti kan pákó onígbòkun tirẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé ní 1958, ilé ẹjọ́ ní England sì gba ẹ̀rí náà nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń jà lórí ẹni tó ni ìmọ̀ náà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èbúté tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ máa ń tú omi jáde pẹ̀lú ipá tí òkun bá ń fà, ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ ṣì dúró. Ìgbì ńlá ní tirẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì.

Ó kan Tarifa. Ibẹ̀ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò sì ní rán yín lọ síbẹ̀ ní August yìí. Láti ibẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà kò ju kìlómítà 14 lọ ní ibi tó ti tóóró jù, òkè sì wà ní ọ̀tún àti òsì, nítorí náà atẹ́gùn tó bá gba àárín wọn kọjá á fún pọ̀, á sì yára. Oríṣi méjì ló ń jọba níbẹ̀. Poniente ń ti ìwọ̀-oòrùn wọlé láti orí òkun, ó máa ń fẹ́ déédéé, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá a ṣe. Levante ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ó gbóná, ó ń jà fìtàfìtà, ó lè dé 40 knots, ó lè fi ọjọ́ púpọ̀ fẹ́ láìdánu dúró, ní Los Lances, etíkun Tarifa tó gùn jù, ó sì máa ń ti ìhà ilẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun. Ẹ lè san owó ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ jókòó wo Levante títí ẹ ó fi padà. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, wọ́n máa ń dín ibi tí oníkáìtì lè lò kù nítorí àwọn tó ń wẹ̀. Bí owó ìrìn àjò bá wà lọ́wọ́ àbúrò yín lóòótọ́, kó dúró di October tàbí November, kó lọ sí Ceará ní Brazil. Kì í ṣe Bahia tí orúkọ rẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu, àríwá rẹ̀ lọ́hùn-ún ni, lẹ́bàá Fortaleza. Ní Cumbuco, láti bíi July títí di ìparí ọdún, atẹ́gùn ń fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí ilẹ̀, omi gbóná, ọ̀sà Cauípe tó tẹ́jú sì wà nítòsí fún ẹni tó ṣì ń ṣubú. Ó le díẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìgbòkun, àmọ́ fún un, ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ lè ju ọdún kan ní England lọ.

Ẹ bá mi kí ìyá yín. Òkun wà ní Èkó, àmọ́ kì í ṣe òkun akẹ́kọ̀ọ́. Etí omi ibẹ̀ máa ń jìn lójijì, ìgbì a máa ya lulẹ̀ lórí iyanrìn gan-an, ìṣàn omi tó ń wọ́ èèyàn lọ sí agbami sì ti gba ẹ̀mí àwọn tó mọ̀wẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ etíkun Benin àti Togo. Ní December, ọyẹ́ máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ lọ sí òkun láàárọ̀, irú atẹ́gùn tí mo ṣàlàyé lókè. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ti òkun á padà wọlé, àmọ́ kì í sábà le tó láti gbé káìtì akẹ́kọ̀ọ́. Tarkwa Bay nìkan ni mo lè gbà yín nímọ̀ràn láti gbé pákó onígbòkun lọ, torí ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu èbúté ní nǹkan bí 1908 sí 1912 ló ń dí ìgbì fún un. Kí ẹ dúró sínú ibi tó ní ààbò náà, kí ẹ má jáde sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Apápá, torí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè yà fún yín. Kí ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ojú omi máa wò yín. Àbúrò yín, kó fi káìtì sílẹ̀ ní Croydon.

Ohun tí èmi máa ṣe tí mo bá jẹ́ yín rèé. Àbúrò yín á gba ọjọ́ méjì sí i lọ́dọ̀ olùkọ́ ní Camber; ẹ̀yin á máa lo adágún omi tó wà lọ́nà Rye sí Camber lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ lè jọ lọ kí ẹ jọ bọ̀. Lẹ́yìn náà, Poole fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ra aṣọ rọ́bà tó nípọn dáadáa kí ẹ tó ra ohun míì, torí omi gúúsù England ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ṣì lè wà ní ìwọ̀n 8 tàbí 9 lórí Celsius, òtútù á sì gba agbára ọwọ́ kí àárẹ̀ tó mú yín. Mi ò lè fi ìwé sọ fún yín pé ọjọ́ báyìí dára, ojú ẹni tó dúró létíkun ló lè sọ ìyẹn. Nítorí náà bí ẹ bá dé, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú wo àwọn tó wà lórí omi, ẹ bi ọ̀kan nínú wọn ní ìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí lórí omi tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ìdí wà ńbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sára pákó àti káìtì. Bí wàhálà bá dé, 999 ni kí ẹni tó wà nílẹ̀ pè, kó ní coastguard, àwọn adóòlà etíkun, lòun fẹ́. Bí omi bá sì gbé pákó lọ tí ẹ̀yin ti dé ilẹ̀ láyọ̀, ẹ pe nọ́ńbà coastguard tí kì í ṣe ti pàjáwìrì kí ẹ sọ fún wọn, kí ọkọ̀ adóòlà má bàa máa wá yín kiri nínú òkùnkùn.